Ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ṣé ó ti mọ ọ̀kadà nìyẹn?

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu ọkọ mi, lẹ́nu mẹkáníìkì, lẹ́nu àbúrò mi, àní lẹ́nu pásítọ̀ wa pàápàá: "Ṣebí ọmọ yìí ló ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere káàkiri àdúgbò nígbà tó wà ní kékeré? Ẹni tó bá ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ọ̀kadà ò ní kíkọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ti tó."

Ọmọ tí wọ́n ń sọ ni Àdùkẹ́, àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 24. Iṣẹ́ ìlera ló ń ṣe, wọ́n sì gbé e lọ sí agbègbè Òkèihò, níbi tó ti ń lọ fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láwọn abúlé oko. Owó ọ̀kadà ń jẹ owó oṣù rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn ọlọ́kadà náà kì í sì í fẹ́ dúró dè é. Ló bá pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan: "Mọ́mì, mo fẹ́ kọ́ máṣìnì."

Mi ò sùn mọ́jú. Ẹni tó bá ti lọ kí èèyàn ní wọ́ọ̀dù àwọn tó kán lẹ́sẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń wí. Èrò mi àkọ́kọ́ ni pé kí n kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 24 tó ń jẹun láti ọwọ́ ara rẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi dí i lọ́wọ́? Bí mo bá kọ̀, á kọ́ ọ lẹ́yìn mi, mi ò sì ní gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ tí wọ́n á fi pè mí láti ọsibítù.

Ohun tó wá ń bí mi nínú sí ara mi ni pé èmi náà gba ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn gbọ́. Èmi tí mo fi ọdún 22 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní fìsíìsì nílé-ẹ̀kọ́ girama! Ọ̀rọ̀ náà fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni mo ṣe gbà á, mi ò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àbúrò mi ọkùnrin gbé Bajaj rẹ̀ wá sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa, lọ́jọ́ Sátidé, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. "Kílọ́ọ̀ṣì nìyí, jíà nìyí, bíréèkì nìyí. Rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kó o fún un níná díẹ̀." Ẹ̀kọ́ parí. Ọkọ mi ti ń pàtẹ́wọ́. Àdùkẹ́ tú kílọ́ọ̀ṣì, irin tí wọ́n ń fún pọ̀ láti ya ẹ́ńjìnì kúrò lára táyà, sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, máṣìnì fò síwájú bí ewúrẹ́ tó já okùn, ara ọmọ mi lọ sẹ́yìn, ló bá di ọwọ́ máṣìnì mú gírígírí kó má baà já bọ́.

Ẹ bá mi wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níbi tá a dé yìí. Lórí kẹ̀kẹ́, bí ẹ̀rù bá bà ẹ́ tó o di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú le, kò sí ohun tó máa ṣe ẹ́. Lórí máṣìnì, ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ni iná wà, ìyẹn ohun tí wọ́n ń yí kí ẹ́ńjìnì lè sáré sí i. Bí ara ṣe ń lọ sẹ́yìn ni ọrùn ọwọ́ ń yí wálẹ̀, tí iná ń pọ̀ sí i; bí iná sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ara túbọ̀ ń lọ sẹ́yìn. Ẹ̀rù ló ń fún máṣìnì níná, kì í ṣe Àdùkẹ́. Ó sáré tó bíi ogún mítà kó tó wọ inú koríko lẹ́bàá ọ̀pá góòlù. Máṣìnì kú, òun náà ṣubú, sàlẹ́ńsà jó o lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, lókè ọrùn ẹsẹ̀. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má mikàn, Sìsí mi, bí gbogbo wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn ló sì kó jìnnìjìnnì bá mi.

Mi ò ní purọ́ mọ́ kẹ̀kẹ́. Ó ń kọ́ni ní nǹkan kan tó wúlò: béèyàn ṣe ń wà lórí táyà méjì láì wó. Ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Wilbur Wright, ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó kọ́kọ́ fò nínú ọkọ̀ òfuurufú, ti ń ta kẹ̀kẹ́ tó sì ń tún un ṣe ní ìlú Dayton kó tó di pé wọ́n kan ọkọ̀ òfuurufú, òun ló sì kíyè sí i pé nínú àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ tóun bi, kò sí ẹni tó kọ́kọ́ lè sọ bó ṣe ń yà sọ́wọ́ òsì gan-an. Kí kẹ̀kẹ́ tó dagun sósì, èèyàn á kọ́kọ́ fi ọwọ́ òsì ti irin rẹ̀ síwájú díẹ̀, táyà á kọjú sọ́tùn-ún fìrí, kẹ̀kẹ́ á wá tẹ̀ sósì. Ara mọ̀ ọ́n, orí ò mọ̀ ọ́n. Máṣìnì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá ti ń sáré. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere ò ju nǹkan bíi kílò 20 lọ, nígbà tí máṣìnì lé ní 100, ìyẹn ju àpò ìrẹsì olókílò 50 méjì. Títì díẹ̀ tí ara ń ṣe láìmọ̀ kò tó láti fi gbé ìyẹn yẹ̀ fún ewúrẹ́ tó ṣàdéédé bọ́ sójú títì. Àfi kéèyàn mọ̀ pé òun ń tì í, kó sì tì í dáadáa.

Ẹsẹ̀ ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ ti kọ́ni pé béèyàn bá fẹ́ ṣubú, kó na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹ na ẹsẹ̀ yẹn fún kílò 100 tó ń wó bọ̀, kẹ́ ẹ wò ó.

Bíréèkì gan-an ni mo fẹ́ jókòó lé, torí ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti ń ṣini lọ́nà jù. Ọwọ́ méjèèjì ni bíréèkì wà lórí kẹ̀kẹ́. Lórí máṣìnì, bíréèkì iwájú wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ti ẹ̀yìn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kí ló wá wà lọ́wọ́ òsì? Kílọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ọmọ ọdún méje, bí nǹkan bá bọ́ síwájú rẹ̀ lójijì, ọwọ́ òsì rẹ̀ á fún ohun tó bá bá níbẹ̀ pọ̀, torí ara rẹ̀ gbà pé bíréèkì ni. Kílọ́ọ̀ṣì tó fún pọ̀ yẹn ò ní dá máṣìnì dúró. Ńṣe ló máa gba táyà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì tí ì bá bá a fà á sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn àgbà ọlọ́kadà máa ń sọ fún ọmọ tuntun: "Má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú o, á tàkìtì pẹ̀lú ẹ." Ẹ rántí ìgbà tí dánfó bá dúró lójijì tí gbogbo èrò da ara síwájú. Bí ìwúwo máṣìnì náà ṣe ń lọ síwájú nìyẹn béèyàn bá tẹ bíréèkì. Táyà iwájú á wá tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́. Lójú títì gbígbẹ, iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró. Ẹni tó bá gbára lé ti ẹ̀yìn nìkan, táyà ẹ̀yìn á gan, á máa wọ́ lọ, máṣìnì ò ní dúró níbi tó yẹ kó dúró sí. Ohun tó ń mú un tàkìtì ni kéèyàn já bíréèkì iwájú gbà lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un, bí ẹni ń fún ọsàn, kì í sì í ṣe nígbà tí ọwọ́ máṣìnì bá dagun, kì í sì í ṣe lórí yanrìn.

Eré náà wà ńbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó ń lọ ní kìlómítà 15 ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Máṣìnì tó ń lọ ní 60 ń lọ bíi mítà 17 láàárín àáyá kan náà, ìyẹn kí ọwọ́ tó tilẹ̀ kan bíréèkì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ á rántí èyí tó kù: eré yẹn di ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa di ìlọ́po 16, bí ìwúwo tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò tán lọ́kàn mi, mo lọ ka ìwádìí tí Harry Hurt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Southern California, èyí tó jáde ní 1981. Wọ́n lọ síbi ìjàm̀bá máṣìnì tó tó 900 ní agbègbè Los Angeles, wọ́n wọn ojú ilẹ̀, wọ́n wo àṣíborí, wọ́n bi àwọn èèyàn léèrè. Amẹ́ríkà kì í ṣe Òkè-Ògùn, ó sì ti pẹ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á ni mò ń rí pápá ẹ̀yìn ilé wa. Nínú 100 àwọn tó ní ìjàm̀bá, 92 ló kọ́ máṣìnì fúnra wọn tàbí lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ó ju ìdajì wọn lọ tí kò tí ì lo oṣù márùn-ún lórí máṣìnì tí wọ́n fi ní ìjàm̀bá. Nígbà tí ewu dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ bíréèkì ẹ̀yìn títí táyà fi gan, wọn ò sì lo ti iwájú bó ṣe yẹ. Eré àsápajúdé kọ́ ló sì fà á fún èyí tó pọ̀ jù: ìdajì wọn ni eré wọn, kí ìjàm̀bá tó ṣẹlẹ̀, ò ju nǹkan bíi kìlómítà 48 ní wákàtí kan lọ. Èmi tí mo rò pé "má sáré" ni gbogbo àdúrà tí mo ní láti gbà!

Bí ọkọ̀ mìíràn bá sì wà nínú ìjàm̀bá náà, nínú mẹ́ta, méjì ni awakọ̀ yẹn ti gba ọ̀nà mọ́ ọlọ́máṣìnì lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni. Àárín ọkọ̀ ni máṣìnì ń rìn, láti ìgbà tí wọ́n sì ti tún ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, ẹ mọ irú eré tí wọ́n ń sá níbẹ̀.

Kí n má parọ́ fún yín, 92 yẹn nìkan ò fi hàn pé ilé-ẹ̀kọ́ ló ń gba ẹ̀mí là. Bóyá gbogbo ọlọ́máṣìnì ìgbà yẹn, àti ẹni tó ní ìjàm̀bá àti ẹni tí kò ní, ló kọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni ti bíréèkì: ìgbà téèyàn nílò rẹ̀ jù ni ara máa ń ṣe òdìkejì.

A wá lọ bá bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gun máṣìnì ṣíwájú ọkọ̀ àwọn aláṣẹ. Ó bi Àdùkẹ́ pé, "Ṣé o mọ̀ ọ́n gùn?" Àdùkẹ́ ní òun mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Bàbá ní, "Á jẹ́ pé a ní nǹkan tá a máa kọ́kọ́ gbàgbé."

Ọjọ́ àkọ́kọ́, kò jẹ́ kó tan ẹ́ńjìnì rárá. Ó ní kó máa ti máṣìnì yí pápá ká, kó dá a dùbúlẹ̀, kó tún gbé e dìde. Ọjọ́ kejì, kílọ́ọ̀ṣì nìkan, títí ọwọ́ òsì fi ń wú. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ eré tí mo fẹ́ràn jù: Àdùkẹ́ á máa gùn bọ̀, bàbá á ṣàdéédé ké pé "Dúró!" níbi tó bá wù ú. Èmi ni mò ń fi ìṣísẹ̀ wọn ibi tó dúró sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó lo ìṣísẹ̀ 11, táyà ẹ̀yìn sì fa ilà gbọọrọ sórí ilẹ̀ pupa bí ìgbà tí ejò kọjá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti di 6, kò sì sí ilà nílẹ̀. Bàbá ò sọ pé kó jáde sí títì kí ilà yẹn tó pòórá. Ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ ló tún ní kó lọ gbà, ti ìsọ̀rí A, èyí tó wà fún máṣìnì. Ọkọ mi ní ṣé ọlọ́kadà wo ló ní in. Bàbá ò dá a lóhùn.

Ti àṣíborí ni mo fẹ́ fi yára kọjá. Ẹ̀yin náà á rántí January 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé e, táwọn kan dé igbá, táwọn mìíràn dé ìkòkò, táwọn èrò sì ń sọ pé wọ́n ti fi oògùn sínú ẹ̀, ẹni tó bá dé e á pòórá. Èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́nu àwọn èèyàn báyìí ni pé ó ń ṣẹ́ni lọ́rùn. Kì í ṣẹ́ni lọ́rùn. Àwọn Hurt wá a tì. Ní 2008, àwọn olùṣèwádìí kó ìwádìí 61 jọ, wọ́n rí i pé àṣíborí ń dín ikú ọlọ́máṣìnì kù tó ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín orí fífọ́ kù tó ìdá 69. Àmọ́ èyí tó wà lórí, tí okùn rẹ̀ sì so lábẹ́ àgbọ̀n o. Èyí tí wọ́n gbé kọ́ ọwọ́ máṣìnì nítorí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, orí máṣìnì ló ń ṣọ́.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí fóònù bá dún láàárín aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀, àyà mi á já. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù báyìí, mo sì mọ ohun tó yẹ kí n bi í: "Ṣé o ti ṣe ti 'Dúró' lọ́sẹ̀ yìí?"

Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí i. Ọ̀nà ibùdókọ̀ sí ilé rẹ̀ jìn, oòrùn sì mú. Ó gbé máṣìnì wá pàdé mi, ó mú àṣíborí kejì jáde nínú àpò ike. Mo ní kó jẹ́ n dúró de kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó rẹ́rìn-ín, ó dé e sí mi lórí, gèlè àti gbogbo ẹ̀. Mo ní ó ti dé, ká máa lọ.

"Rárá o, Mọ́mì. Ẹ tú gèlè yẹn, kẹ́ ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè, ẹ jẹ́ n so okùn."