Ọdún Rotary ti parí: àwọn wo la padà lọ bẹ̀ wò?

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni ọdún Rotary, ẹgbẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àánú káàkiri ayé, máa ń parí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ààrẹ tuntun á gorí àga, akọ̀wé tuntun á gba ìwé, akápò tuntun á gba báńkì lọ kí wọ́n lè pààrọ̀ orúkọ àwọn tó ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì. Àsìkò yìí náà ni kálukú ń to àwòrán ọdún jọ: ènìyàn báyìí la yẹ̀ wò nínú ọjà, ilé ẹ̀kọ́ báyìí la kó ìwé fún. Àwòrán dára, n ò bá a jà. Èrò ọkàn mi ni pé ohun tó yẹ ká fi wọn iṣẹ́ ọdún ni iye ẹni tá a sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó dé ilé ìwòsàn, tó sì ṣì ń lo oògùn rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè sọ iye yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì dé ìdajì, bó ti wù kí báńà rẹ̀ fẹ̀ tó.

Ẹ wo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń ṣe nínú ọjà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo. Orí àga ló ti kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ apẹ̀rẹ̀ tòmátò kalẹ̀, tó sáré wá kí èrò má baà pọ̀ jù, bí wọ́n bá wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá lójú ẹsẹ̀, irọ́ ni ẹ̀rọ máa pa. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló yẹ kó kọ́kọ́ fi jókòó jẹ́ẹ́, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kó má gbé ọ̀kan lé èkejì. Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, kó lọ tọ̀ ná. Kó gbé apá lé tábìlì, kó bá àyà dọ́gba, nítorí apá tó rọ̀ sílẹ̀ máa ń gbé nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ara apá gan-an ni kí aṣọ ẹ̀rọ wà, kó má wà lórí bùbá. Tí aṣọ ẹ̀rọ bá kéré fún apá tó tóbi, nọ́ńbà á tún ga, nítorí náà ẹ fi èyí tó tóbi kan sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Á wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Èyí tó le jù nínú ọjà ni pé ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Oníbàárà á kọjá, á kí i, òun náà á dáhùn, nọ́ńbà á gòkè. Ẹ fi ẹnì kan síbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa bá wọn dá oníbàárà dúró lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Tó bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ ilé ìwòsàn kí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn, torí ọjọ́ kan péré kò tó láti sọ pé ènìyàn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tó bá kọjá 180 lórí 120, tí àyà ń dùn ún, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ ń kú, ọkọ̀ tó máa gbé e lọ ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ìwé.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kéde. Nọ́ọ̀sì kan tó bá lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ẹnì kan, ènìyàn 12 ló máa yẹ̀ wò ní wákàtí kan. Tábìlì mẹ́rin fún wákàtí márùn-ún jẹ́ 240. Ẹgbẹ́ tó ní nọ́ọ̀sì méjì, tó wá kéde pé 500 lòun fẹ́ yẹ̀ wò, ó ti pinnu láti ṣe é wúruwùru kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́.

Ti ṣúgà tún gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ike sítíríìpù, ìyẹn pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí kí ẹ̀rọ lè kà á, sábà máa ń ní 50 nínú. Fún 200 ènìyàn, ike márùn-ún ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má ra mẹ́rin, torí àwọn kan á ṣòfò nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá kán tó. Ẹ wo ike yẹn dáadáa: ìdérí rẹ̀ máa ń ró pà tí ẹ bá dé e, ohun tó ń fa ọ̀rinrin sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí èrò bá pọ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á ṣí i sílẹ̀ kó lè rọrùn láti mú. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rinrin ti ń ba sítíríìpù jẹ́. Ẹ̀rọ kò ní dákẹ́, á ṣì máa gbé nọ́ńbà jáde, ẹnikẹ́ni kò sì ní fura. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ dé e padà kó ró pà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìka ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì fi í sínú búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn. Lára páálí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kó má wà níbi tó gbóná ju 30°C lọ.

Ọwọ́ náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń bó ọsàn tà, tí kò fọwọ́, ṣúgà inú ọsàn ni ẹ̀rọ máa kà lórí ìka rẹ̀. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ. Bó bá jẹ́ sípírítì lẹ lò, kóun náà gbẹ kẹ́ ẹ tó gún un. Abẹ́rẹ́ kan, ẹnì kan, kó sì bọ́ sínú àpótí líle lójú ẹsẹ̀. Ẹ bi í ìgbà tó jẹun gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: fún ẹni tí kò tíì jẹun láti alẹ́ àná, 126 mg/dL ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọminú, fún ẹni tó ti jẹun, 200.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀, ìyẹn ni pípín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ mẹ́wàá lábẹ́ kánópì. Oògùn yìí kò dà bí oògùn ibà tí ènìyàn ń lò tán. Ẹni tó bá gbé páálí kan lọ sílé á lò ó tán, ara á yá a, á rò pé ó ti parí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á padà síbi tó wà. Owó oògùn yẹn, ẹ fi ṣe owó ọkọ̀ àwọn tó máa padà lọ bẹ̀ wọ́n wò.

Pípadà lọ yìí gba ètò. Ìwé mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kọ fún ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga: ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà nítòsí ọjà, ọ̀kan fún ẹgbẹ́. Ẹ ti lọ bá àwọn ilé ìwòsàn náà sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kẹ́ ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gba aláìsàn àti iye tí wọ́n ń gbà fún káàdì. Nọ́ńbà fóònù nìkan kò tó. Fóònù á kú, wọ́n á pààrọ̀ síìmù, nọ́ńbà ọmọ ni ìyá mìíràn á pè fún yín. Ẹ kọ ìsọ̀ rẹ̀, ohun tó ń tà, orúkọ ẹni tó wà nísọ̀ kejì. "Ìyá eléèlùbọ́ tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí" á rọrùn láti rí ju nọ́ńbà mọ́kànlá lọ. Ẹ má pariwo nọ́ńbà ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ya àwòrán ẹni tí ìwé àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ènìyàn méjì padà lọ pẹ̀lú ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tún lọ.

Rotary gan-an ló kọ́ wa ní èyí. Ọdún 1985 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò PolioPlus láti lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lọ. Oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé kòkòrò rẹ̀ tí kì í ṣe ti àjẹsára ti kúrò ní Áfíríkà, lẹ́yìn tí wọ́n rí èyí tó gbẹ̀yìn ní Borno lọ́dún 2016. Ọdún 35 rèé, ẹ fojú inú wo iye ààrẹ ẹgbẹ́ tó ti jẹ, tó sì ti lọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á fi tàdáwà sàmì sí ìka ọmọ tó ti gbà á, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri, ilé tí wọn ò bá ti bá ọmọ, wọ́n á padà síbẹ̀. Ilé tí wọ́n padà sí yẹn ló lé àrùn lọ.

Ìdí tí a kì í fi padà lọ kò ṣòro láti rí. Oṣù Keje sí Kẹsàn-án, ètò ìgbàṣẹ ààrẹ, aṣọ, gbọ̀ngàn. Oṣù Kejìlá, ọdún Kérésì. Gbogbo iṣẹ́ wá rọ́ sí oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà, nínú òjò, bí ẹni tí ń sá fún ìdánwò. Èmi gbà pé inú oṣù Kọkànlá ló yẹ kí àyẹ̀wò ọjà wà. Ọjọ́ 14 rẹ̀ ni ọjọ́ àtọ̀gbẹ lágbàáyé, òjò ti dáwọ́ dúró, oṣù méje gbáko sì ṣì kù láti fi padà lọ.

Bí oṣù Kẹfà bá wá dé, kí àtòjọ àwọn tí a ò tíì rí wà nínú fáìlì tí ààrẹ ń fún ẹni tó gbapò rẹ̀, pẹ̀lú ìsọ̀ wọn, ìgbà mélòó tí a wá wọn, àti orúkọ nọ́ọ̀sì tó ń gbà wọ́n ní ilé ìwòsàn. Kí àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ àánú wà lọ́tọ̀ sí ti owó ẹgbẹ́, kí ó fi iye tó kù fún owó ọkọ̀ hàn. Kí ike sítíríìpù tí wọ́n ti ṣí wà lápá kan pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣí i lára rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó kó o pamọ́, torí bátìrì tó bá ṣomi nínú rẹ̀ á jẹ ẹ́ run kó tó di oṣù Kọkànlá.