Àìṣeé fọ́ sí bírákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àìní ìdáhùn

Ẹni tó sọ pé ìdọ́gba quadratic tí kò bá ti ṣeé fọ́ sí bírákẹ́ẹ̀tì méjì kò ní ìdáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Ẹ wo x² − 4x + 1 = 0. Ẹ wá odidi nọ́ńbà méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ −4, tí ìsọdipúpọ̀ wọn sì jẹ́ 1. Ẹ ò ní rí i. Ṣé ó wá tán síbẹ̀? Rárá o. Ẹ gbé 1 sọdá, ó di x² − 4x = −1. Ìdajì 4 ni 2, 2 lọ́nà 2 sì jẹ́ 4; ẹ fi 4 yìí kún ọ̀tún àti òsì, ẹ ó rí (x − 2)² = 3. Nítorí náà, x jẹ́ 2 + √3 tàbí 2 − √3, ìyẹn nǹkan bíi 3.73 àti 0.27. Fọ́múlà quadratic tí gbogbo wa há sórí, inú ọgbọ́n yìí gan-an la ti fà á yọ (ó kàn jẹ́ pé olùkọ́ púpọ̀ kì í sọ ọ́). b² − 4ac ló yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó sọ pé kò sí ìdáhùn (a ni nọ́ńbà tó wà níwájú x², b ni ti iwájú x, c sì ni nọ́ńbà tó dá dúró). Níbí, 12 ni. Ìgbà tó bá kéré sí òdo nìkan ni kò sí nọ́ńbà gidi tó bá a mu.