Owó tí ará ìlú dá, ará ìlú ló ni ín

Nígbà tí ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ bá ṣe ètò ìkówójọ, a máa ń gbọ́ bí èrò ṣe pọ̀ tó, a sì máa ń rí àwòrán alága pẹ̀lú àwọn tó náwó. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni iye tó wọlé, iye tí ètò náà fúnra rẹ̀ jẹ, àti iye tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n torí wọn tọrọ owó. Èrò tiwa ni pé ẹgbẹ́ tí kò bá lè sọ iye mẹ́ta yìí síta láàárín 30 ọjọ́, kò yẹ kó tún gbé igbá owó dé iwájú ẹnikẹ́ni.

Àkáǹtì méjì ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan fún owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san, ìkejì fún owó tí ará ìlú dá. Ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ Lions, tí Melvin Jones dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1917, ti sọ ọ́ di òfin pé owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ará ìlú, ará ìlú ni kí wọ́n ná an fún. Kìkì ìnáwó tó bá ètò ìkówójọ náà rìn, bíi owó gbọ̀ngàn àti títẹ tíkẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n lè yọ nínú rẹ̀. Oúnjẹ ìpàdé, báàjì, ìrìnàjò olóyè àti àríyá ìparí ọdún, àpò ọmọ ẹgbẹ́ ni kó ti wá.

Ẹni tó bá mọ inú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé yíyá ló sábà ń ba owó náà jẹ́ ju olè lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ kò tíì san owó ọdún, owó ibi ìpàdé sì ti pé, ni akápò bá mú díẹ̀ nínú owó ìlú pé bí wọ́n bá san, òun á dá a padà. Ní Lions àti Rotary, tí òun náà jẹ́ ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́, ọjọ́ 1 oṣù keje ni ọdún ẹgbẹ́ ń yí. Akápò tuntun gba ìwé, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé gbèsè wà nílẹ̀, gbèsè náà sì di ohun ìgbàgbé. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n tẹ ìwé bánkì àkáǹtì méjèèjì jáde lọ́jọ́ ìfipòsílẹ̀, kí akápò tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ fọwọ́ sí i níṣojú ẹgbẹ́. Àwọn tó ń sọ pé owó ibi ìpàdé ló ń pa àwọn, kí wọ́n rántí pé nígbà tí Paul Harris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ Rotary ní Chicago ní 1905, ọ́fíìsì ara wọn ni wọ́n ń pààrọ̀ fún ìpàdé. Inú pípààrọ̀ yìí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "rotate", gan-an ni orúkọ ẹgbẹ́ náà ti wá.

Tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Kó ní nọ́ńbà, kí ìdí rẹ̀, ìyẹn apá tó ń ṣẹ́kù bí wọ́n bá ti ya tíkẹ́ẹ̀tì fún olùrà, sì kù sínú ìwé. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gba 20 á fọwọ́ sí i pé òun gba nọ́ńbà 61 sí 80. Nígbà tí ètò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, á dá èyí tí kò tà padà pẹ̀lú owó èyí tó tà. Bí ẹgbẹ́ kò bá gba èyí tí kò tà padà, ta ni yóò mọ̀ bóyá tíkẹ́ẹ̀tì ló wà nílé ni àbí owó ló wọ àpò? Ìfura á wá bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tí kò jí kọ́bọ̀.

Owó inú àpótí, kí ẹni méjì tí kò bára wọn tan kà á kí wọ́n tó kúrò níbi ètò, kí àwọn méjèèjì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kó sì dé bánkì ní ọjọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e. Àṣìṣe tí ń gbé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣubú ni pé ẹni tó gbé àga wá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, alága á sì ní kí wọ́n san owó rẹ̀ látinú àpótí. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, kò sí ẹni tó tún lè búra iye tó wọlé. Kí gbogbo rẹ̀ wọ bánkì ná, kí wọ́n wá san gbèsè láti bánkì, kí wọ́n gba rísíìtì. Ìlérí tí wọ́n sì kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ibi ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́ sí, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í wá.

Kí wọ́n tilẹ̀ tó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì rárá, kí wọ́n ṣírò. Bí gbọ̀ngàn bá gba èèyàn 200, tí ìnáwó sì tó iye tíkẹ́ẹ̀tì 120, tíkẹ́ẹ̀tì 121 ni yóò kọ́kọ́ ran aláìní lọ́wọ́. Bí 130 péré bá tà, iye tíkẹ́ẹ̀tì 10 ni èrè gbogbo wàhálà náà. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ 20 tó bá ń dá iye tíkẹ́ẹ̀tì kan lóṣù kọ̀ọ̀kan á kó iye tíkẹ́ẹ̀tì 240 jọ lọ́dún láì ya gbọ̀ngàn kankan. Àwọn kan á ní ètò ńlá máa ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ lórúkọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ sọ fún ẹni tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì pé orúkọ lòun ń wá.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi owó náà ṣe pẹ̀lú ní àléébù tirẹ̀. Láti 1925 tí Helen Keller, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó fọ́jú tó sì dití, ti bẹ Lions pé kí wọ́n gba ìjà àwọn afọ́jú jà, ọ̀rọ̀ ojú ti di iṣẹ́ wọn, gbígba awò ojú tí àwọn èèyàn ti lò sì wà lára rẹ̀. Àpótí ìgbawò rọrùn láti gbé kalẹ̀. Ṣùgbọ́n awò tí wọ́n gbà ní láti di fífọ̀, kí wọ́n yọ èyí tí dígí rẹ̀ ti ha kúrò, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn agbára dígí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ojú. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní ẹni tí yóò ṣe èyí, kó kó wọn fún ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Bákan náà ni kànga ẹ̀rọ. Rọ́bà inú ẹ̀rọ ìfamisókè aláfọwọ́fà máa ń jẹ, omi á dínkù, ẹ̀rọ á sì dákẹ́. Nínú gbogbo 100 tí wọ́n bá fẹ́ ná sórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ya ó kéré tán 10 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, kí wọ́n sì kọ́ ẹni méjì ládùúgbò bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rọ́bà náà. Ayẹyẹ ìṣíde kò ní kí ẹ̀rọ má bàjẹ́.

A mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í gbowó, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ná tiwọn sí i. Ìṣirò tó mọ́ ló máa gbèjà wọn lọ́jọ́ tí ẹnu bá kù wọ́n. Ojú ìwé kan péré ni a ń béèrè: iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n tà, tó padà, owó tó wọlé, ìnáwó kọ̀ọ̀kan, ìlérí tí kò tíì wọlé, ibi tí ìyókù lọ àti ọjọ́ tó dé ibẹ̀. Kí akápò àti ẹnìkan tí kì í ṣe olóyè fọwọ́ sí i, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n lẹ ìkéde ètò náà mọ́. Ìwọ tí wọ́n bá sì gbé tíkẹ́ẹ̀tì tuntun wá bá, kọ́kọ́ béèrè ìwé ti ìkówójọ tó kọjá.