Ẹ Yéé Pààrọ̀ Ọ̀gá Ọlọ́pàá Lásán, Ẹ Wo Ẹni Tó Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Tuntun Níṣẹ́

Nínú oṣù kẹfà ọdún 2016, ọ̀gá ọlọ́pàá mẹ́ta ló kúrò lórí àga ní ìlú Oakland, California, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Àwọn ọlọ́pàá kan ló bá ọmọdébìnrin kan ṣe ìṣekúṣe, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ bá fipò sílẹ̀, wọ́n gbé ẹlòmíì wá, òun náà ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹnì kẹta ò ju bí ọjọ́ méjì lọ tó fi ní òun ò ṣe mọ́. Wọ́n gba ọ̀gá tuntun lọ́dún 2017, wọ́n lé e lọ́dún 2020. Wọ́n gba òmíì lọ́dún 2021, wọ́n lé e lọ́dún 2023. Bẹ́ẹ̀ àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí nílé ẹjọ́ lọ́dún 2003 láti tún iléeṣẹ́ ọlọ́pàá náà ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn ọlọ́pàá kan pé wọ́n ń lu èèyàn, wọ́n sì ń gbé oògùn olóró sí wọn lára, ọdún márùn-ún ni wọ́n ní ó máa gbà. Ó ti lé lógún ọdún.

Tiwa ni pé pípààrọ̀ ọ̀gá kọ́ ni àtúnṣe. Lọ́wọ́ sájẹ́ǹtì àti ọlọ́pàá tó ń kọ́ ọmọ tuntun níṣẹ́ lójú títì ni iléeṣẹ́ ọlọ́pàá wà ní ti gidi, ọ̀gá tí ò bá sì kọ́kọ́ fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn, yóò kàn máa sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà ni títí wọ́n á fi lé òun náà.

Ẹ wo ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà. Medaria Arradondo tó jẹ́ ọ̀gá wọn lọ́dún 2020 kì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òun gan-an wà lára àwọn ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú tó pe iléeṣẹ́ náà lẹ́jọ́ lọ́dún 2007 torí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Látọdún 2016 ló ti wà nínú ìwé òfin wọn pé kí ọlọ́pàá dá ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dúró tó bá ń lo agbára kọjá bó ṣe yẹ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2020, ọlọ́pàá kan níbẹ̀, Derek Chauvin, fi orúnkún tẹ George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, lọ́rùn fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, Floyd sì kú. Àwọn ọlọ́pàá méjì tí wọ́n jọ di Floyd mú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, Chauvin yìí kan náà ló sì kọ́ ọ̀kan nínú wọn níṣẹ́, ọkùnrin tí ẹ̀sùn aráàlú ti pọ̀ nínú fáìlì ẹ̀ ni wọ́n ní kó máa kọ́ ọmọ ẹlòmíì! Ẹnì kejì bi í pé ṣé kí wọ́n yí Floyd sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní rárá, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Ìwé òfin dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ wọn ni wọ́n tẹ̀ lé, ó sì dùn wá títí dòní pé kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò nípò olùkọ́ yẹn kó tó dọjọ́ náà.

Àwọn kan á ní ká tú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ká pátápátá, ká tún un dá sílẹ̀, bíi ti Camden ní New Jersey lọ́dún 2013. Lóòótọ́, wọ́n pa èèyàn 67 níbẹ̀ lọ́dún 2012, nígbà tó máa fi di 2019 wọn ò tó 30 mọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọlọ́pàá nìkan kọ́ ló fà á. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé Scott Thomson wà nípò ọ̀gá láti 2008 títí di 2019, àti pé nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọlọ́pàá tún bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ wọn, ó lágbára láti yan àwọn tó fẹ́. Àwọn ọdún àkọ́kọ́ gan-an ò dáa, wọ́n ń fún aráàlú ní tíkẹ́ẹ̀tì lórí nǹkan tí ò tó nǹkan, ẹ̀sùn ń pọ̀ sí i. Torí pé wọn ò lé e lọ ló fi ráyè tún un ṣe.

Ohun mìíràn tún wà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, ọ̀gá lè lé ọlọ́pàá tó hùwà ìkà, kí onílàjà, ìyẹn ẹni tí àdéhùn ìlú pẹ̀lú yúníọ̀nù (ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́) àwọn ọlọ́pàá ní kó máa parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́, a fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀tọ́ tó ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣe olùkọ́. Ní New Orleans, látọdún 2016, wọ́n ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá bí wọ́n ṣe máa dá ẹlẹgbẹ́ wọn dúró kó tó ṣàṣìṣe, àti bí ẹlẹgbẹ́ náà ṣe máa gbà láìbínú. Ohun tó yẹ kí gbogbo ibùdó ọlọ́pàá ní nìyẹn.

Nítorí náà, ìlú yòówù tó bá ń wá ọ̀gá ọlọ́pàá báyìí, kí méyọ̀ àti ìgbìmọ̀ ìlú kọ́kọ́ ṣí fáìlì gbogbo olùkọ́ ọmọ tuntun àti gbogbo sájẹ́ǹtì wò, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn ọ̀gá tuntun pé ó lè yọ èyí tí ẹ̀sùn ẹ̀ bá ti pọ̀ jù lọ́jọ́ tó bá wọlé, kí wọ́n sì fún un ní ó kéré tán ọdún márùn-ún.