Pásítọ̀ Fẹ́ Di Tommy Douglas

(Regina, Saskatchewan, Kánádà. Ìsìn ti parí, ìrẹsì ti fẹ́ tán nínú kúlà. Níta, òtútù tó lè gé etí ènìyàn. Pásítọ̀ ò tíì gbé máíìkì sílẹ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n.)

PÁSÍTỌ̀: Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì lọ. Olúwa bá mi sọ̀rọ̀ lóru àná.

BỌ̀DÁ ONÍTAKISÍ: Ó tún ti bá yín sọ̀rọ̀? Èyí tó bá yín sọ lọ́dún tó kọjá, a ò tíì san gbèsè rẹ̀ tán.

PÁSÍTỌ̀: Iṣẹ́ Olúwa ni jíìpù yẹn ń ṣe. Èyí ju jíìpù lọ. Ó ní kí n lọ du ipò òṣèlú. Ṣé ẹ mọ Tommy Douglas? Pásítọ̀ bíi tèmi! Àjèjì bíi tèmi! Falkirk ní Scotland ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1904. Ó wá síbí, ó kúrò lórí pẹpẹ, ó di prẹ́míà Saskatchewan, prẹ́míà bí wọ́n ṣe ń pe Awólọ́wọ̀ nígbà náà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi jókòó! Ìyá Ìbejì, ẹ wo ojú mi dáadáa.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Mo ti wò ó, sà. Mi ò rí Scotland níbẹ̀.

PÁSÍTỌ̀: Nínú ẹ̀mí ni mò ń sọ.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ó dáa. Ṣé ẹ mọ ohun tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀hún? Orúnkún ni.

PÁSÍTỌ̀: Ó kúnlẹ̀ gbàdúrà! Mo mọ̀!

ÌYÁ ÌBEJÌ: Egungun orúnkún ló ń dà á láàmú lọ́mọdé, ní Winnipeg, ní ìpínlẹ̀ Manitoba. Àwọn òbí rẹ̀ ò lówó, wọ́n sì ti fẹ́ gé ẹsẹ̀ náà. Dókítà àgbà kan ló ní òun á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọ́n bá gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun wá wòran. Ẹsẹ̀ san débi pé nígbà tó fi máa di 1922, ó ti gba àmì ẹ̀yẹ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Manitoba.

PÁSÍTỌ̀: Ẹ̀rí ńlá! Ọrẹ ọpẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ọrẹ ọpẹ́ rẹ̀ ni ọsibítù tí ẹ ò sanwó fún nígbà tí òkúta inú kíndìnrín dá yín gúnlẹ̀.

PÁSÍTỌ̀: Àdúrà ló yọ ọ́.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Èmi ni nọ́ọ̀sì alẹ́ ọjọ́ náà, sà. Orúkọ màmá yín lẹ ń ké.

(Bọ̀dá Onítakisí dojú kọ ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì.)

PÁSÍTỌ̀: Ẹ jẹ́ ká padà sórí Tommy. Ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ṣe pásítọ̀ rẹ̀ ní Weyburn, ìdámẹ́wàá ibẹ̀ á pọ̀ o.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ìdámẹ́wàá báwo? Láàárín ọdún 1930 sí 1935! Ọ̀dá dá, erùpẹ̀ ń fò, àlìkámà ò hù, iṣẹ́ ò sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pín oúnjẹ àti aṣọ fún ará ìlú.

PÁSÍTỌ̀: Ṣọ́ọ̀ṣì... ló ń fún... ìjọ?

BỌ̀DÁ ONÍTAKISÍ: Ẹ fún Dádì lómi.

PÁSÍTỌ̀: Èwo wá ni tiẹ̀ níbẹ̀?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kò sí. Ó kọ́kọ́ díje lọ́dún 1934, ó já. Nígbà tó tún fẹ́ gbé àpótí, ọ̀gá kan nínú ìjọ ní tó bá dán an wò, kò ní rí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ṣe mọ́. Ó dán an wò. Lọ́dún 1935 ó wọlé, ó gba Ottawa lọ, sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kánádà.

PÁSÍTỌ̀: Ó fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pátápátá? Kò fi ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í?

BỌ̀DÁ ONÍTAKISÍ: Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é nìyẹn, sà?

PÁSÍTỌ̀: Ìtàn ni mò ń béèrè!

ÌYÁ ÌBEJÌ: Lọ́dún 1944, ó padà wá díje níbí. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, CCF, gba àga 47 nínú 52 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Saskatchewan, ó sì di prẹ́míà.

PÁSÍTỌ̀: Halelúyà! Ibi tó dùn la dé yìí.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ó fa iná mànàmáná dé oko àwọn àgbẹ̀.

PÁSÍTỌ̀: Iná? Tí kì í lọ? Ta ló wá ń ta jẹnẹrétọ̀? Ó yẹ kó ti ní ìpín níbẹ̀!

ÌYÁ ÌBEJÌ: Nígbà tó di January 1947, dọ́là márùn-ún lẹnì kan ń san lọ́dún, ìdílé kì í san ju ọgbọ̀n lọ, ọsibítù á sì gbà wọ́n wọlé.

PÁSÍTỌ̀: Èló ló ń yọ nínú márùn-ún yẹn?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kọ́bọ̀ kò yọ.

BỌ̀DÁ ONÍTAKISÍ: Òróró tí ẹ tà fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Orúnkún ọ̀hún ò tíì san o.

PÁSÍTỌ̀: Ìgbàgbọ́ yín ló kéré.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Lẹ́yìn náà ni ètò tí ìjọba á fi máa san owó dókítà fún gbogbo ènìyàn. Inú bí àwọn dókítà. Ní June 1962, Tommy díje lọ sí Ottawa láti Regina níbí, wọ́n já a jù sílẹ̀. Ní July ètò bẹ̀rẹ̀, dókítà dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàlélógún.

PÁSÍTỌ̀: (ó jókòó) Ó tọ́jú wọn, wọ́n já a?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ètò ò kú, sà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, gbogbo Kánádà gbà á. Lọ́dún 2004, wọ́n dìbò lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun ni ọmọ Kánádà tó tóbi jù lọ.

PÁSÍTỌ̀: Ṣé ó wá gba ẹ̀bùn?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ó ti kú láti 1986.

PÁSÍTỌ̀: Kí lòkú fẹ́ fi ìbò ṣe? Ilé ńkọ́? Ilẹ̀ ńkọ́? Kò sí ẹnì kan tó là nínú ẹbí yẹn ni?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kiefer Sutherland, òṣèré fíìmù ọmọ Kánádà yẹn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni.

PÁSÍTỌ̀: (ó fò dìde) Ẹ ẹ̀ tètè sọ! Ìpín ọ̀hún rèé! Ta ló ní nọ́ńbà rẹ̀? Òun ni alága ìkórè wa! Òun ló máa... yéè! Yéè! Ẹ̀gbẹ́ mi! Òkúta yẹn ti tún dé!

BỌ̀DÁ ONÍTAKISÍ: Òróró ṣì kù nínú ìgò mi, Dádì. Ṣé kí n mú un wá?

PÁSÍTỌ̀: Ṣé orí yín pé ni? Ẹ gbé mi sínú takisí! Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi sáré wo inú jíìpù, ibẹ̀ ni káàdì ọsibítù mi wà!