Ẹ Fi Ohùn Ránṣẹ́ sí Màmá

Láti ọdún 2024 tí Ojúde Ọba, ayẹyẹ ọdọọdún àwa Ìjẹ̀bú, ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, tí Farooq Oreagba jókòó sórí ẹṣin pẹ̀lú sìgá lẹ́nu, tí ará ayé tí kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọjọ́ tí Iléyá tó ń bọ̀ máa bọ́ sí, àwòrán ni gbogbo èèyàn ń kà sí ohun tí fóònù ṣe fún wa. Mi ò bá wọn jiyàn. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, pàápàá ti mọ̀ pé kámẹ́rà ń dúró dè wọ́n. Ẹgbẹ́ tí aṣọ wọn kò bá dùn ún wò, kí wọ́n tó délé ni àwọn ọmọ orí íntánẹ́ẹ̀tì á ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọjọ́ tó kù ńkọ́? Tí ẹ bá bi mí ní ohun tí ẹ̀rọ ìgbàlódé yí padà nínú ilé wa ní ọjọ́ lásán, ọjọ́ ọjà, ọjọ́ àìsàn, ọjọ́ owó iléèwé, mi ò ní dárúkọ àwòrán. Ohùn ni màá dárúkọ, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní voice note, tí màmá wa ń pè ní ohùn lásán.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni màmá wa ń gbé. Gààrí ni wọ́n ń yan, iṣẹ́ tí ìyá tó bí wọn fi lé wọn lọ́wọ́. Wọn ò rí iléèwé lọ, wọn ò sì lè ka ohun tí èèyàn bá kọ sójú fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ wá wò wọ́n nídìí agbada. Ọwọ́ ọ̀tún di igbá mú, ó ń rú gààrí káàkiri kó má baà jóná. Ọwọ́ òsì gbé fóònù síwájú ojú bí ẹni ń wo dígí. Wọ́n á tẹ máìkì, wọ́n á fa ìka sókè kí ó lè máa gba ohùn lọ fúnra rẹ̀ (ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló kọ́ wọn), wọ́n á gbé fóònù náà sórí àpótí kí ọwọ́ méjèèjì lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kí ọkọ, wọ́n á kí aya, wọ́n á ki ọmọ kọ̀ọ̀kan ní oríkì tirẹ̀, wọ́n á kí àna tí wọn ò fojú rí rí. Ẹ ó máa gbọ́ gààrí tó ń dún ṣàà ṣàà lábẹ́ igbá, ẹ ó gbọ́ àkùkọ, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ dúró láti bá oníbàárà ná ọjà. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan á di ti ìṣẹ́jú mẹ́rin. Tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ara mi kì í gbà á, àmọ́ mo máa ń gbọ́ ọ dé òpin, torí pé ìdí ọ̀rọ̀ gan-an, ìparí ni wọ́n máa ń fi í sí.

Ẹni tó bá rántí ibi tí a ti ń bọ̀ ló máa mọyì nǹkan yìí. Láyé ìyá àgbà wa, lẹ́tà ni. Wọ́n á wá ọmọ iléèwé kan ládùúgbò, wọ́n á pè é sí kọ̀rọ̀, wọ́n á máa sọ, òun á máa kọ. Bí èsì bá dé, ọmọ yẹn náà ló máa kà á. Kò sí àṣírí tó pa mọ́ fún un: ẹni tó jẹ gbèsè, ìyàwó tí kò tíì rí oyún ní, ọkọ tí kò fi owó ránṣẹ́ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbogbo ọ̀rọ̀ ilé onílé ti kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé. Àwọn tó wà ní London á gba ohùn wọn sínú rẹ̀, wọ́n á fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Gbogbo ilé á pagbo yí rédíò ká, wọ́n á máa ṣe àmín sí àdúrà ẹni tí kò sí nílé, ìyá ẹni náà á máa sunkún, lẹ́yìn náà wọ́n á gba èsì tiwọn sí ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún rí ẹni tó ń lọ.

Nígbà tí GSM dé lọ́dún 2001, a rò pé ìyà tán. ₦50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà náà, bó bá sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré lẹ sọ, owó odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n máa yọ. Ẹni tó bá fẹ́ kíni bó ṣe yẹ ká kíni, owó káàdì rẹ̀ á tán kó tó délẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọdún 2003 ni Glo bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ Mike Adenuga, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tiwa, àwọn ló sì kọ́kọ́ ń ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Òwò ló ń ṣe o, Ìjẹ̀bú kì í ṣòwò àdánù, ṣùgbọ́n ó ṣe wá lóore. Síbẹ̀ náà, fúláàṣì ni àwọn òbí wa ṣì ń ṣe sí wa: á dún lẹ́ẹ̀kan, á kú, ká yáa tètè pè wọ́n padà.

Ọdún 2013 ni WhatsApp fi ohùn kún iṣẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo rẹ̀ nílé wa. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí wa sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó kàwé ló gba gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ, tàbí Yorùbá tí kò lámì, tó jẹ́ pé àfi kéèyàn fi ọgbọ́n inú gbé e. Bí a bá ń dá owó ìnáwó, bí a bá ń jiyàn lórí ilẹ̀ ìdílé, àwọn tó wà ní Lekki àti Houston ló ń parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà, tí wọ́n mọ ibi tí ààlà gbà, ń wò wọ́n níran.

Àfi lálẹ́ ọjọ́ kan tí bàbá kékeré wa, tí wọn ò fọhùn nínú ẹgbẹ́ náà rí, fi ohùn kan ránṣẹ́ lórí ilẹ̀ tí a ń jà sí ní Òkè-Àgbò. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni wọ́n sọ, irú èyí tí ará Ọ̀yọ́ kò ní gbọ́ ìdajì rẹ̀. Wọ́n dárúkọ igi tó wà lórígun ilẹ̀, wọ́n dárúkọ odò, wọ́n dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ roko níbẹ̀ àti ẹni tó yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Gbogbo àwọn tó ti ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ náà dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìpinnu tí à ń ṣe mọ́ láìjẹ́ pé àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ẹ̀rọ ayélujára ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà, kó wá sílé wa.

Èyí tó tún wú mi lórí ni ti àwọn ọmọ. Yorùbá iléèwé, Yorùbá rédíò, Yorùbá Bíbélì, gbogbo wọn ti sọ ẹ̀ka-èdè wa di ohun tí ọmọdé ń tijú láti sọ níta. BBC Yorùbá dé lọ́dún 2018, mo máa ń kà á, ó dára, ṣùgbọ́n wọn ò lè kọ ìròyìn ní Ìjẹ̀bú. Ọmọ bọ̀dá mi tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, Ìjẹ̀bú ló fi ń kí màmá báyìí. Imú ló ń gbà sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni. Kò gbọ́ ọ níbòmíràn ju inú fóònù lọ.

Ọmọ yìí kan náà ló bí mi nínú o. Láti ọdún 2021 ni WhatsApp ti ṣe é tí èèyàn fi lè mú ohùn sáré ní ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ló sì ń mú àdúrà ìyá àgbà rẹ̀ sáré. Àwọn òbí rẹ̀ ní mo ń ṣàṣejù. Ó dáa, ṣé kí Ọlọ́run náà máa sáré gbọ́ ọ ni?

Ọjà gan-an ti di ti olóhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí wọ́n pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí owó wọ́n níta débi pé owó la fi ń ra owó lọ́dọ̀ àwọn oníPOS, màmá wa tí kì í gba ohun tí wọn ò lè kà lọ́wọ́ di ẹni tó ń gba tìránsífà. Ìyà ló kọ́ wọn. Ní báyìí, àwọn oníbàárà láti Mushin àti Ìkòròdú á fi ohùn béèrè iye tí àpò kan ń lọ, wọ́n á fi ohùn sọ pé èyí tó kan dáadáa ni àwọn fẹ́, màmá á fi ohùn ná an pẹ̀lú wọn. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn á ka álẹ́ẹ̀tì sókè kí àpò tó kúrò nílẹ̀. Nígbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ fóònù, sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn iléeṣẹ́ náà fi owó kún owó ìpè àti dátà, títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, fídíò ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró nílé wa. Ohùn kì í jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀, a ò fi í sílẹ̀.

Ó tiẹ̀ gbà wá lọ́wọ́ olè rí. Wọ́n gba WhatsApp mọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́wọ́. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò: wọ́n á ní àwọn ṣèèṣì fi nọ́ńbà oní-6 kan ránṣẹ́ sí ọ, kí o jọ̀ọ́ kà á fún àwọn, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn ni WhatsApp fi ń dá ọ mọ̀. Olè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé káàkiri mọ̀lẹ́bí: ara òun kò yá, ẹ yá òun lówó, lọ́la lòun máa dá a padà. Àwọn kan ti ń wá nọ́ńbà báǹkì. Ọmọ ka ìwé náà fún màmá, wọ́n tẹ máìkì: "Fi ohùn ránṣẹ́, jẹ́ kí n gbọ́ bí àìsàn náà ṣe ń ṣe ẹ́." Olè ní máìkì òun bàjẹ́. Màmá ní kò burú, kó pè. Ibẹ̀ ló parí sí. (Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì fi PIN kejì sí WhatsApp yín, ẹ lọ fi sí i kí ẹ tó ka èyí tó kù.)

Ṣé ohùn kì í wá purọ́ ni? Ó ń purọ́ dáadáa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà Ebola, àwọn èèyàn ń jí ara wọn lóru pé kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, irọ́ gbáà. Nígbà kòrónà, ohùn "dókítà" tí kò lórúkọ ló ń kárí ilé. Ìwé tí a kọ, èèyàn lè ní òun kò lè kà á. Ohùn tó ń gbọ̀n, tó ń sunkún, á wọni lára. Àwọn tí mo sì ń yọ̀ fún pé wọ́n ti rí ẹnu sọ̀rọ̀ yìí náà ni kò ní ibi tí wọ́n ti lè yẹ irọ́ wò.

Àwọn òótọ́ kan sì wà tí kò yẹ kó yára. Ní ọjọ́ Àìkú 13 oṣù keje ọdún 2025 tí Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Adetona, wàjà lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́, London ni ohùn ti kọ́kọ́ wọlé sí ẹgbẹ́ wa, láti sọ fún àwa tí a wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Màmá ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ yẹn ní ẹnu tó ń sọ ọ́ àti ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́, kí a pa fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín, màmá jàre.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù báyìí ni AI. Ẹ̀rọ ti wà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba ohùn díẹ̀ ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu èèyàn, á sì fi ohùn yẹn sọ ohun tí onítọ̀hún kò sọ rí. Olè tó ní máìkì òun bàjẹ́ lánàá, kò ní nílò àwáwí mọ́. Ìjẹ̀bú tí à ń sọ ṣì ń dáàbò bò wá díẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ náà jù, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́ tiwa náà. A ti ṣòfin nínú ẹbí: ẹni tó bá fi ohùn béèrè owó, oríkì ẹnì kan nínú ilé la máa ní kó kì, àwa la máa mú ẹni náà. Àwọn kan ní àwọn ò mọ oríkì ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n lọ kọ́ ọ, tàbí kí wọ́n máà yá owó.

Èyí tí mo tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo eléyìí ni pé à ń pa àwọn ohùn yìí rẹ́. WhatsApp orí Android tí èèyàn bá tọ́jú sórí Google ti ń jẹ nínú 15GB ọ̀fẹ́ báyìí. Bí ààyè bá kún, ohùn àwọn àgbà ni àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń nù, wọ́n á fi àwòrán òde sílẹ̀. Ohùn bàbá kékeré lórí ilẹ̀ Òkè-Àgbò, ọ̀dọ̀ lọ́yà nìkan la ti rí i nígbà tí a wá a. Mo ti ní kí a ra díìsì kan, kí ẹnì kan máa kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, kó fi orúkọ àti ọjọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn fara mọ́ ọn. Bọ̀dá mi tó wà ní Houston fi ohùn ránṣẹ́ pé òun lòun máa san owó díìsì náà, ó tún ṣàdúrà gígùn sí i. A ò tíì rí álẹ́ẹ̀tì.