Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ: Akéde tí ò gbé nílùú

Ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ òru, ọjọ́ 18 oṣù January 2002, ọkọ̀ ojú irin kan dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Minot ní North Dakota, lókè lọ́hùn-ún nítòsí Canada. Àwọn táńkì márùn-ún tí wọ́n rọ amóníà kún, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, bẹ́, èéfín rẹ̀ bá rọra ń wọ àdúgbò lọ. Àwọn èèyàn ta jí lójú oorun, ojú ń ta wọ́n, ọ̀nà ọ̀fun ń ta wọ́n, iná ti lọ láwọn ilé kan, òtútù ìta yẹn sì rèé, kì í ṣe òtútù tèèyàn ń fi súwẹ́tà lé lọ. Kí lèèyàn á ṣe nírú òru bẹ́ẹ̀? Á wá rédíò ni. Ṣé kóun kó àwọn ọmọ sá jáde ni àbí kóun ti fèrèsé kóun dúró sílé, rédíò ló yẹ kó sọ fún un.

Ọlọ́pàá pe ilé iṣẹ́ rédíò. Fóònù ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Wọ́n tún pè, bákan náà. Rédíò tó ń polówó ọjà tó wà ní Minot lọ́jọ́ náà, mẹ́fà ni, Clear Channel tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní San Antonio ní Texas ló sì ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Àwọn Clear Channel ní irọ́ ni, ẹnìkan wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní ẹ̀rọ tọ́lọ́pàá fi ń gbé ìkìlọ̀ jáde ni wọn ò tò dáadáa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan kú, àwọn tó fara gbá a lé ní 300.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ nìyẹn. Ìdí tá a fi fà á yọ ni pé ohun tí wọ́n ṣe fún rédíò tó bí òru Minot, òun náà ni wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣe fún tẹlifíṣọ̀n báyìí, èrò tiwa sì ni pé kí wọ́n má dán an wò.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí. Títí di 1996, òfin Amẹ́ríkà ò gbà kí ẹnìkan ní ju ilé iṣẹ́ rédíò 40 lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Oṣù February ọdún yẹn, Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tuntun, wọ́n bá ṣí ìdérí kúrò pátápátá, ẹni tówó ẹ̀ bá ká a kó máa rà. Clear Channel bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ó rà á débi tó fi lé ní 1,200. Ti tẹlifíṣọ̀n, wọn ò ṣí i tán, wọ́n kàn ń sún un sókè ni, láti ilé 25 nínú ọgọ́rùn-ún sí 35, nígbà tó di 2004 Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fi í sí 39, ìyẹn ni pé tẹlifíṣọ̀n ẹnìkan ò gbọ́dọ̀ dé ju ilé 39 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn ońlá inú wọn ti ń bẹ FCC, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ yìí, pé kí wọ́n yọ ọ́ jàre. August 2025 ni Nexstar, tó jẹ́ pé òun ló ní tẹlifíṣọ̀n ìlú tó pọ̀ jù níbẹ̀, kéde pé òun fẹ́ ra Tegna, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá míì, ní bílíọ̀nù 6.2 dọ́là. Tẹ́ ẹ bá da àwọn méjèèjì pọ̀, 39 yẹn ò lè gbà wọ́n.

Ẹlòmíì á ní kí ló kàn wá. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí ò da, tá ò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Maryland, wọ́n ti di ará ibẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dìbò, tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ sì ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún.

Amẹ́ríkà lóun fẹ́ràn òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ti wà nínú ìwé òfin wọn láti 1791 pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ò gbọ́dọ̀ ṣòfin tó máa dí aráàlú lẹ́nu tàbí tó máa so ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Wọ́n fi ń yangàn, ó sì tọ́ kí wọ́n fi yangàn, àwa tá a rójú bí sójà ṣe ń ti ilé ìwé ìròyìn pa nílẹ̀ yìí la mọ iyì irú òfin bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìjọba nìkan lòfin yẹn ń ṣọ́. Ẹni tó bá fowó ẹ̀ ra ẹnu gbogbo ìlú, òfin yẹn ò rí i.

Àwọn tọ́jọ́ orí wọn ti tó díẹ̀ láàárín wa á rántí NTA aago mẹ́sàn-án alẹ́. 1977 ni ìjọba ológun ṣòfin tó kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ sábẹ́ NTA, títí kan ti Ìbàdàn tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1959. Tí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, ibi yòówù kó o wà, ojú kan náà, ohùn kan náà, Èkó ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀. A mọ̀ pé ìjọba ló ń sọ̀rọ̀, a sì mọ bá a ṣe ń gbọ́ ọ, a máa fi ìdajì sílẹ̀ ni.

Ará Amẹ́ríkà ò mọ̀ ní tiẹ̀. Ẹni tó bá rí fídíò kan tó jáde ní 2018 á rántí. Arákùnrin kan àti arábìnrin kan jókòó ní tẹlifíṣọ̀n San Antonio, wọ́n múra dáadáa, wọ́n ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn nípa ìròyìn èké, wọ́n ní ó léwu gidi fún ìjọba tiwa-n-tiwa. Ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ yí sí Seattle, gbólóhùn yẹn náà ni, bí wọ́n ṣe dánu dúró níbí náà ni wọ́n ṣe dánu dúró níbẹ̀, ẹ yí sí ìlú míì, òun náà ni, ẹnìkan wá gé gbogbo wọn pọ̀ sójú kan, ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí àwọn ọmọ iléèwé tó ń ka ABD. Sinclair, ilé iṣẹ́ tó ni gbogbo tẹlifíṣọ̀n yẹn, ló kọ ọ́ fún wọn pé kí wọ́n kà á. Èyí tó dùn wá jù ni pé ojú àwọn olùka ìròyìn yẹn làwọn ará ìlú wọn mọ̀, wọ́n ń pàdé wọn lọ́jà, ọmọ wọn jọ ń lọ iléèwé kan náà. Ojú yẹn ni wọ́n rà, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ohun táwọn onílé iṣẹ́ ńlá ń sọ ni pé Google àti Facebook ti kó owó ìpolówó ọjà lọ, àfi káwọn náà tóbi káwọn tó lè rí jẹ. Kò burú, òótọ́ wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn tó ti kógbá sílé lọ́dọ̀ wọn láti 2005 ti lé ní 3,000. Ṣùgbọ́n ẹ bi Clear Channel tó tóbi. Ó yí orúkọ padà di iHeartMedia, nígbà tó di 2018 ó sáré lọ sí kóòtù pé gbèsè nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là ti wọ òun lọ́rùn. Títóbi yẹn náà ni wọ́n ní ó máa gbà wọ́n là o. Àwọn tó kọ́kọ́ sanwó títóbi ọ̀hún ni àwọn oníròyìn tí wọ́n dá dúró níṣẹ́, torí kí lẹ fẹ́ fi ilé iṣẹ́ mẹ́ta ṣe nígbà tí ọ̀kan lè máa sọ ti ìlú mẹ́ta? Ẹ má sì sọ fún wa pé fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Fóònù wà, àmọ́ ta ló ń lọ jókòó síbi ìpàdé káńsù fún wákàtí mẹ́ta kó tó lè mọ ẹni tí wọ́n gbé kọngílá omi fún? Ẹni tó ń ṣe fídíò ijó ò ráyè ìyẹn.

Ká má tan ara wa, àwọn òǹwòran náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń bí wọn nínú ni wọ́n máa ń jókòó wò. Tẹlifíṣọ̀n Fox News san mílíọ̀nù 787.5 dọ́là fún Dominion, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdìbò, ní April 2023 lórí irọ́ tí wọ́n gbé jáde nípa ìbò 2020, nínú ẹjọ́ yẹn la sì ti rí i kà pé àwọn kan nínú Fox ò gba ọ̀rọ̀ ọ̀hún gbọ́, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé káwọn òǹwòran má sá lọ síbòmíì. Òfin ò lè wo ìyẹn sàn. Èyí tófin lè ṣe ni kó má jẹ́ kí ẹnìkan ra gbogbo agogo ìlú, kí ẹni tí ò gbọ́ tibí lè gbọ́ tọ̀hún.

Kí FCC fi 39 sílẹ̀ síbi tó wà. Tó bá sì jẹ́ pé dandan ni kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n lọ ṣe ìpàdé rẹ̀ ní Minot, nínú oṣù January, láago méjì òru, kí wọ́n sì kọ́kọ́ pe ilé iṣẹ́ rédíò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.